Ibí La Ti Wọlé

Torino, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta, 2004

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú alẹ́, nítorí mi ò mọ ìgbà tí lẹ́tà yìí máa tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ẹ kú atẹ́gùn pẹ̀lú. Mo mọ̀ pé atẹ́gùn Tres Arroyos ò tíì sinmi láti ìgbà tí mo ti kúrò níbẹ̀. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Ṣé Àǹtí Haydée alámùúlégbè yín ti dárí jì mí pé mi ò pè wọ́n lọ́jọ́ ìbí wọn? Ẹ bá mi kí wọn.

Mo rí fọ́tò Ailén gbà. Ẹ ṣeun. Àmọ́ Bàbá, ta ló gé irun ọmọ mi? Nígbà tí mò ń kúrò nílé, irun yẹn dé ìbàdí rẹ̀. Èmi ni mo dì í láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tí omijé mi ń kán sí i lórí. Nínú fọ́tò yìí ó dà bí ọmọ ogun kékeré. Mo mọ̀ pé onígbàjámọ̀ ni yín, ọwọ́ yín kì í sì í gbé jẹ́ẹ́ tí ẹ bá ti rí irun. Ṣùgbọ́n èmi ni ìyá rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ìyá ẹlòmíràn ni mò ń nù níbí. Ẹ̀ bá ti bi mí.

Ó tún ku ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn. Lọ́jọ́ Àìkú tí mo pè, mo bi Ailén pé kí ni òun àti bàbá àgbà máa ń ṣe. Ó ní, “Màmá, gbogbo ọjọ́ Ajé là ń wò ẹ́.” Mo ní báwo lẹ ṣe ń wò mí? Ó rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ tí ẹnì kan gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, Àǹtí Haydée ló wá ń sọ fún mi pé òjò ti dá. Bàbá, kí lẹ ń wò?

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ń fi fíìmù ilẹ̀ wa Argentina hàn ní gbọ̀ngàn kan nítòsí ilé Ìyá Ottavia, arúgbó ará Ítálì tí mò ń tọ́jú. Dario ló ṣètò rẹ̀, òun ló sì bá mi gba àyè ìjókòó níwájú. Nígbà tí mo gbọ́ pé Kóòtù Búlúù ni wọ́n máa fi hàn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè. Mo ròyìn rẹ̀ fún gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, pé fíìmù tí mo fẹ́ràn jù láyé nìyẹn, èyí tí bàbá mi máa ń mú mi lọ wò ní ilé sinimá Esmeralda lẹ́yìn tí màmá mi lọ. Mo ní dúdú àti funfun ni, kò sẹ́ni tó rí búlúù kankan nínú rẹ̀, síbẹ̀ mo mọ irú búlúù tí kóòtù, aṣọ òtútù ìyá inú rẹ̀, jẹ́. Mo ní kí wọ́n má bẹ̀rù: bí ìyá yẹn bá wọ kóòtù rẹ̀ tó lọ, yóò padà wá gbé e kọ́ ìṣó, yóò bu ọbẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò parí sí.

Kò parí síbẹ̀. Ọbẹ̀ àti ọmọ wà níbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìyá náà wọ kóòtù, ó wọ ọkọ̀ ojú irin, ó ṣiṣẹ́ ní Buenos Aires, ó wá bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ ṣí. Obìnrin náà di irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, kò bojú wẹ̀yìn. Wọ́n tan iná, gbogbo èèyàn dìde, èmi ṣì jókòó tí mò ń dúró kí ó padà dé. Dario bi mí pé kí ló sọnù lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀dà wo la wò nígbà yẹn, Bàbá? Ta ló tàn mí, àwọn ará ibí ni àbí ojú ara mi? Ẹ fẹnu ko Ailén lẹ́rẹ̀kẹ́ fún mi.

Ọmọ yín,
Mirna


Tres Arroyos, ọjọ́ kejì, oṣù Kẹrin, 2004

Mirna ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Mo fi awò kà á, mo tún fi ìfura kà á. Orúnkún mi wà níbi tó wà. Haydée kì í dárí jini, o mọ̀ ọ́n. Ailén ń jẹun, ó ń lọ sílé ìwé, ó sì ń kàwé fún mi kí n tó sùn bí ẹni pé èmi ni ọmọ.

Iná orí ló gé irun ọmọ. Gbogbo kíláàsì wọn ló kó o. Mo gé irun, mo fi ọtí kíkan fọ orí, ó tán. Láti ìgbà tí mo ti ń gé irun àwọn ará ìlú yìí, kò sẹ́ni tó bi mí rí pé ta ló fún mi láṣẹ, àfi ìwọ. Ní ti ohun tí ó sọ lórí fóònù, ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Fóònù ò sì ṣeé sọ̀rọ̀, ojú lọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí ojú ò sí, lẹ́tà sàn, torí Haydée ò lè gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé.

Nípa fíìmù yẹn, ẹ̀dà tí wọ́n fi hàn yín kì í ṣe ojúlówó. Ṣé àjèjì ni ọ̀rọ̀ ẹ̀dà jẹ́ sí wa ni? Ṣé o rántí Ohùn Ramírez? Nínú tiwa, akọrin náà kú sínú òjò, gbogbo Esmeralda ń fọnmú. Nínú èyí tí wọ́n tà sí Mẹ́síkò, kò kú, ó fẹ́ ọmọ dókítà, wọ́n gé kéèkì. Ìbátan wa tó ń wa ọkọ̀ ẹrù rí èyí níbi tó lọ, ó dé, ó ń búra pé Ramírez wà láàyè, díẹ̀ ló kù ká bára wa jà lórí òkú àlá. Ẹṣin Luna ńkọ́? Agolo fíìmù yẹn máa ń gun alùpùpù láti ìlú kejì wá bá wa ni, bí agolo kan bá tán lọ́hùn-ún kí wọ́n gbé e wá. Lọ́jọ́ kan, ọlọ́kọ̀ dà wọ́n pọ̀. Ọkùnrin tí wọ́n pa lójú wa jáde padà, ó jókòó, ó ń jẹ ẹran sísun. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún un.

Ká má tíì sọ ti àwọn ológun. Àwọn kan wà ní olú-ìlú tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n mú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́, kí wọ́n máa gé fíìmù lọ. Ọkùnrin á súnmọ́ obìnrin, ẹnu á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹnu, ká tó ṣẹ́jú, wọ́n ti ń mu kọfí àárọ̀. Kí ló wá ṣòro nínú kí àwọn ará Yúróòpù gé ìpadàbọ̀ obìnrin yẹn kúrò? Fíìmù tí kò parí ni wọ́n fẹ́ràn.

Ó yá, èmi náà fẹ́ bèèrè. Ta ni Dario? Orúkọ rẹ̀ pọ̀ nínú lẹ́tà rẹ ju ti orúnkún mi lọ. Òun ló gba àyè ìjókòó, òun ló bi ọ́ ní ohun tó sọnù lọ́wọ́ rẹ. O ní Kérésìmesì lo máa dé. Kérésìmesì ti lọ, Àjíǹde ti dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má rèlé. Mo mọ ẹnì kan tí àjò dùn mọ́ tí kò rèlé, ìwọ náà sì mọ̀ ọ́n.

Bàbá rẹ,
Rogelio


Torino, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù Kẹrin, 2004

Bàbá mi,

Ẹ kú àjọ̀dún tó kọjá. Ẹ ò bi mí bóyá mò ń sùn. Ẹ ò bi mí nípa ẹ̀yìn mi tí gbígbé Ìyá Ottavia dìde ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́. Dario lẹ bi. Mi ò ní dáhùn, nítorí ọ̀nà tí ẹ gbà bi í dùn mí. Ní ti Kérésìmesì, mo ti ṣàlàyé pé ìwé ìgbélùú mi ò tíì jáde. Bí mo bá jáde láìní in lọ́wọ́, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́, iṣẹ́ tó ń bọ́ Ailén á sì lọ.

Mo rò ó pé òótọ́ lẹ sọ nípa ẹ̀dà. Inú mi tiẹ̀ dùn, mo lọ bá obìnrin ará Bahía Blanca kan tó ń wá sí gbọ̀ngàn, Norma lorúkọ rẹ̀, mo ní kí ó sọ fún mi bí Kóòtù Búlúù ṣe parí níbi tí òun ti wò ó. Ìtòsí yín lọ́hùn-ún náà ni, ìgbà àwọn ológun náà ni, àlùmọ́gàjí kan náà ló gé tiwọn. Norma ní, “Ọkọ̀ ojú omi. Kí ló tún kù?” Bàbá, àwọn ará Yúróòpù ò gé nǹkan kan.

Mo wá bẹ Dario pé kí wọ́n tún un fi hàn mí, èmi nìkan, ní ọ̀sán. Irun ọmọ yẹn ni mo tẹjú mọ́. Níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń bu ọbẹ̀ fún un, irun rẹ̀ kúrú, ọrùn rẹ̀ hàn síta. Níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń lọ, irun ti gùn débi ẹ̀yìn. Mo rántí pé mo bi yín nínú òkùnkùn Esmeralda pé kí ló dé tí irun rẹ̀ fi kúrú nígbà tí ìyá dé. Ẹ ní wọ́n gé e nígbà tí ìyá ò sí nílé, pé onígbàjámọ̀ mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó gé e, Bàbá. Irun kúkúrú ló ṣáájú. Ó gùn bí ọmọ náà ti ń dàgbà.

Mo délé, mo gbé fọ́tò Ailén síwájú mi. Irun kan náà ni, ọrùn kan náà. Iná orí kọ́.

Ẹ dá mi lóhùn tààrà. Ṣé Kóòtù Búlúù lẹ ń fi han ọmọ mi lọ́jọ́ Ajé? Kí lẹ ń kọ́ ọ nípa mi? Mo gbọ́ tí Àǹtí Haydée sọ lórí fóònù pé “ọmọ wa”. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá fẹ́ gba Ailén lọ́wọ́ mi, ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́.

Mirna


Torino, ọgbọ̀njọ́, oṣù Karùn-ún, 2004

Bàbá mi,

Ẹ ò fèsì. Bí mo bá pè lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n á ní ẹ ti sùn, wọ́n á ní ẹ jáde, wọ́n á ní ẹ wà lẹ́yìnkùlé. Àgbàlagbà ò sì ń sá fún fóònù lásán.

Ni mo bá pe Àǹtí Haydée ní àárín ọ̀sẹ̀ nígbà tí ẹ wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo bi wọ́n nípa ìpadàbọ̀ inú Kóòtù Búlúù. Wọ́n ní, “Ìpadàbọ̀ wo? Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó dé ìlú ni mo wò ó. Mo sunkún dé ìkóríta.” Wọ́n tún ní àwọn máa ń rí wa lọ́jọ́ Ajé, èmi àti ẹ̀yin, tí a jókòó sí ilé kọfí tó dojú kọ Esmeralda, ẹ̀yin ń wo aago, èmi ń jẹ ẹ̀pà oníṣúgà, títí ẹ ó fi ní ó yá.

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó. Gbogbo ìgbà tí mo bi yín pé kí ló dé tí a kì í tètè dé sinimá, èsì yín ò yàtọ̀: ṣọ́ọ̀bù ló dá yín dúró. Bàbá, ọjọ́ Ajé! Ọjọ́ ìsinmi yín ni. Onígbàjámọ̀ wo ní gbogbo Argentina ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ajé?

Mo ti mọ ohun tí ẹ ṣe. Ní Esmeralda, fíìmù kì í dúró. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán, bó bá ti tán wọ́n á tún un bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì á wọlé nígbà tó bá wù ú, á jókòó títí fíìmù á fi yí dé ibi tó ti bá a, á sọ pé “ibí la ti wọlé”, á dìde. Bí gbogbo ìlú ṣe ń wo fíìmù nìyẹn. Ẹ̀yin wá ń mú mi wọlé níbi tí ìyá yẹn ti ń wọ kóòtù. A ó wo ìrìn àjò rẹ̀, a ó wo ọkọ̀ ojú omi. Bí orúkọ àwọn òṣèré bá fẹ́ jáde, ẹ ó fà mí lọ́wọ́ síta lọ ra ẹ̀pà. A ó padà wọlé, obìnrin náà ti wà nídìí tábìlì, kóòtù ti wà lórí ìṣó. Bó bá tún ti na ọwọ́ sí kóòtù, ẹ ó fọwọ́ kàn mí léjìká: “Mirna, ibí la ti wọlé.” A ó dìde.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ó ti bá a ní Torino. Ẹ wá jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é fún Ailén.

Mirna


Tres Arroyos, ogúnjọ́, oṣù Kẹfà, 2004

Mirna,

Mi ò lè kí ọ kú òtútù, kò sí níbẹ̀ lọ́dọ̀ yín báyìí; níbí ó ń gé etí. Ara ọmọ le.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo ṣe é. Kí ló tún kù? O pè é ní irọ́. Mi ò gé nǹkan kan kúrò nínú fíìmù yẹn, mi ò fi nǹkan kan kún un. Gbogbo ohun tí o rí, ó wà níbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà tí a máa gbà wọlé nìkan ni mo yàn.

Nígbà tí Nilda ìyá rẹ lọ, o ò sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn oníbàárà á fún ọ ní súìtì, o ó gbà á, o ó gbé e kalẹ̀. Wọ́n ní fíìmù dáadáa kan dé, mo kọ́kọ́ lọ wò ó fúnra mi kí n mọ̀ bó bá yẹ ọmọdé. Mo rí ọkọ̀ ojú omi, mo ní ká má rí i. Kí n tó dìde, fíìmù tún ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin yẹn wà nídìí tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ rẹ̀. Ara mi wálẹ̀ bí ìgbà tí ẹni tó sọnù wọlé. Mo ní, bí ó bá ṣe èmi àgbàlagbà báyìí, kí ló máa ṣe ọmọ? Mo mú ọ lọ lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tí a ń padà bọ̀, o ní ebi ń pa ọ́. Mi ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo ká a sórí kásẹ́ẹ̀tì nígbà tí tẹlifíṣọ̀n fi í hàn. Lóòótọ́ ni, lọ́jọ́ Ajé ni èmi àti Ailén ń wò ó. Òun ló ní obìnrin yẹn jọ ọ́ bó bá kẹ̀yìn sí wa, mi ò kọ́ ọ. Ní ti irun, o jàre, iná orí kọ́. Àmọ́ èmi kọ́ ni mo ní kí n gé e. Ọmọ náà gun àga ṣọ́ọ̀bù, ó so aṣọ mọ́ ọrùn ara rẹ̀, ó ní, “Bàbá àgbà, ẹ gé e. Bí irun ọmọ yẹn bá ti kúrú, ìyá rẹ̀ ti wà nílé.” Mo mú àlùmọ́gàjí, mo gé e. Ohun tí ìwọ náà sọ nìyẹn ní ọdún 1977, lórí àga yẹn gan-an. O ti gbàgbé.

Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá. Nilda ní bí wọ́n bá kórè àlìkámà tán òun á dé. Ìwọ ní bí ìwé bá jáde. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gba ọmọ rẹ. Mò ń ṣọ́ ọ fún ọ ni, mi ò sì mọ̀ bóyá o máa wá gbà á. O ò tíì sọ ẹni tí Dario jẹ́.

Rogelio


Torino, ọjọ́ kejìlá, oṣù Keje, 2004

Bàbá,

Mi ò gbàgbé. Èmi rò pé ẹ̀yin ò mọ ohun tí mo ní lọ́kàn lọ́jọ́ yẹn ni.

Ẹ rántí pé mò ń gun àga yẹn padà, ní oṣù dé oṣù, títí mo fi pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ẹ máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé ọmọbìnrin yín fẹ́ràn irun kúkúrú. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ń pè mí ní ọkùnrin nílé ìwé. Bí ilẹ̀kùn ọgbà bá ti dún, mo ti dé ojú fèrèsé. Bí kì í bá ṣe Màmá, mo máa lọ wo dígí, mo máa ní irun yìí ló fà á, kò kúrú tó. Mo rò pé èmi ni mi ò jẹ́ kí ó wá, Bàbá. Èmi, pẹ̀lú irun mi.

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ lẹ fi ṣe é. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi tó báyìí, torí mi ò rẹ́ni bú. Bí ẹ bá jẹ́ kí n rí ọkọ̀ ojú omi yẹn lẹ́ẹ̀kan, ǹ bá sunkún ká mọ̀ pé mo sunkún, ǹ bá sì kúrò lójú fèrèsé. Ailén kò gbọ́dọ̀ dúró síbi tí mo dúró sí.

Ẹ fi fíìmù náà hàn án láti ìbẹ̀rẹ̀, láti ibi orúkọ àwọn òṣèré. Ẹ jókòó tì í. Ẹ má ṣàlàyé ohunkóhun, ẹ má sọ pé mò ń bọ̀, ẹ má sọ pé mi ò bọ̀. Ohun tí ó bá sọ, ẹ kọ ọ́ sí mi bó ṣe sọ ọ́.

Ní ti Dario, fadá ni. Gbọ̀ngàn ìjọ rẹ̀ ni wọ́n ti ń fi fíìmù hàn. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sọ pé ká máa pe òun lórúkọ, ó sì ń sùn lórí gbogbo fíìmù títí wọ́n á fi tan iná. Ṣé ọkàn yín ti balẹ̀?

Mirna


Tres Arroyos, ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹjọ, 2004

Mirna ọmọ mi,

Mo ti ṣe ohun tí o ní kí n ṣe.

Ọjọ́ Ajé ni. Mo gbé mílíìkì gbígbóná fún un, mo fi kásẹ́ẹ̀tì sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní, “Bàbá àgbà, ẹ ti gbàgbé, àárín la ti ń bẹ̀rẹ̀.” Mo ní lónìí, ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ó wo ọbẹ̀, ó wo tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí obìnrin náà na ọwọ́ sí kóòtù, ó dìde fúnra rẹ̀, ó ní ibí la ti wọlé. Mo ní kí ó jókòó. Ó jókòó, ó di apá aṣọ mi mú, kò fi í sílẹ̀ mọ́ títí ọkọ̀ ojú omi fi ṣí.

Fíìmù tán. Mi ò dìde láti yí kásẹ́ẹ̀tì padà bí mo ti máa ń ṣe. Ó ń dúró kí n dìde. Nígbà tó rí i pé mi ò dìde, ó ní, “Ṣé bó ṣe parí nìyẹn?” Mo ní bí fíìmù ṣe parí nìyẹn. Kò sunkún. Ó lọ síwájú dígí ṣọ́ọ̀bù, ó fọwọ́ fa irun rẹ̀ wálẹ̀ lẹ́bàá etí bí ẹni pé yóò gùn bó bá fà á. Ó bi mí pé ìgbà wo ni yóò tó dé ìbàdí. Mo ní yóò pẹ́. Ó ní, “Ẹ má gé e mọ́.”

Mi ò mọ ìtumọ̀ ìyẹn. Mi ò mọ̀ bóyá ó ti yọwọ́ kúrò lọ́rọ̀ rẹ ni, àbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró dè ọ́ tọkàntọkàn ni. Ìwọ tó jókòó sórí àga yẹn rí lo lè mọ̀. Kò tíì bèèrè fíìmù náà mọ́. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó gbé ìwé ilé ìwé rẹ̀ wá sínú ṣọ́ọ̀bù tí mo tì, ó jókòó tì mí, mò ń mu tíì mátè mi, òun ń kàwé. Haydée ní mo ti ba ọkàn ọmọ jẹ́. Mo ní bóyá.

Nípa fadá yẹn, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń sùn lórí fíìmù ò lè bá ọmọ mi ṣe eré kan. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí o fi jẹ́ kí n máa ro ìròkurò láti oṣù Kẹta? O jọ mí jù.

Mo ka ohun tí o kọ nípa dígí. Mo tì í sínú àpò, mo gbé e jáde, mo tún kà á. Mo gé irun yẹn ní oṣù dé oṣù, ọwọ́ mi ni, mi ò rí nǹkan kan.

Mi ò bi ọ́ ní ọjọ́ mọ́, Mirna. Mo ti dàgbà jù fún déètì. Bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ gbọ́.

Bàbá rẹ


Torino, ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹjọ, 2004

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ ṣeun tí ẹ jókòó tì í. Mo mọ ìtumọ̀ ohun tó sọ. Irun gígùn ni mo dì fún un láàárọ̀ ọjọ́ tí mo lọ. Bó ṣe wà nígbà tí mo fi í sílẹ̀ ló fẹ́ kí n bá a. Kò yọwọ́.

Ìwé mi jáde ní ọ̀sẹ̀ tó lọ. Ìyá Ottavia sunkún, wọ́n fi aṣọ òtútù wọn kan ta mí lọ́rẹ. Ẹ má rẹ́rìn-ín, àwọ̀ eérú ni, kì í ṣe búlúù. Mo máa sọ̀ ní pápákọ̀ òfúrufú Ezeiza lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹsàn-án, mo máa wọ bọ́ọ̀sì alẹ́, ilẹ̀ ọjọ́ kejì á mọ́ bá mi ní Tres Arroyos. Bóyá èmi àti Ailén ló máa padà sí Torino, bóyá àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni, bóyá kò sẹ́ni tó máa lọ mọ́, mi ò tíì mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé kóòtù kọ́ ìṣó ná, ká jọ sọ ọ́ nídìí tábìlì.

Mo mọ̀ pé ẹ ò gbà mí gbọ́. Ẹ má gbà mí gbọ́. Ẹ má tíì sọ fún Ailén pé èmi ló ń bọ̀, ẹ ṣáà ní ẹ fẹ́ mú un lọ wo bọ́ọ̀sì. Mo fẹ́ kí ó wà níbẹ̀ kí ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó ṣí, kí ó rí mi láti orí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́. Mi ò fẹ́ kí ó bá mi láàárín.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dé. Ọjọ́ Ajé ni, Bàbá. Ẹ ò lè fi ṣọ́ọ̀bù kẹ́wọ́.

Ọmọ yín,
Mirna